Òṣómàáló Ìtàn: Bí Ìròyìn Ìtàn Tuntun Ṣe Ń Dé Etí Wa ní Iléṣà àti Òṣogbo

Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tí mo rà lọ́jà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo, lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta ìwé àlòkù. Ẹ̀yìn ìwé náà ti ya. Àkọlé bá a lọ, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ náà bá a lọ. Ìtàn obìnrin opó kan ló wà nínú rẹ̀, tí ẹbí ọkọ kó gbogbo ẹrù mọ́ lọ́wọ́, tó wá fi kóńgò ẹ̀wà kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ lọ́tun. Ara ìyá mi kò yá nígbà yẹn. Alaalẹ́ ni mo ń ka ìwé náà sí wọn létí, wọ́n á máa mi orí, wọ́n á máa sọ pé, "Ọlọ́run ò ní fi í sílẹ̀, máa kà á lọ." Ìgbà tí a kà á dé òpin, ohun tó wà ní ìlà tó gbẹ̀yìn ni pé apá kejì ń bọ̀ láìpẹ́, kí òǹkàwé máa retí rẹ̀.

Ìyá mi ní, "Ó yá, lọ ra ìkejì wá."

Níbo ni mo ti fẹ́ rà á? Mo yẹ ìwé náà wò síwá sẹ́yìn. Kò sí ọdún níbẹ̀, kò sí àdírẹ́sì, kò sí orúkọ ilé ìtẹ̀wé. Ara ìyá mi ti yá báyìí, a dúpẹ́, àmọ́ wọn ò tíì gbàgbé. Bí mo bá lọ kí wọn nílé, lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á ní, "Ìwé yẹn ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí ọ̀rọ̀ kan tí a kì í sábà kà sí ìtàn rárá: báwo ni ìròyìn pé ìtàn tuntun ti jáde ṣe máa ń dé etí àwa ará ibí? Lónìí, bí ẹ bá ṣí fóònù yín láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ ó rí òǹkọ̀wé kan tó gbé àwòrán ìwé rẹ̀ tuntun sórí WhatsApp: ìtàn ìwúrí, ìtàn ìgbàgbọ́, ìtàn ẹni tó ṣubú tó dìde. Ó fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé, òun fúnra rẹ̀ ló ń polówó rẹ̀, òun náà ló ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó sanwó. Àwọn kan á ní àṣà tuntun nìyẹn, pé íntánẹ́ẹ̀tì ló bí i. Rárá o. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ohun tó yí padà kò ju ohun tí wọ́n fi ń kéde lọ.

Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀ṣà mọ òṣómàáló. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú ni, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á sì padà wá gba owó wọn. Bí onígbèsè bá ń ṣe mo-ń-bọ̀-mo-ń-bọ̀, Ìjẹ̀ṣà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi. Ibẹ̀ lorúkọ ti jáde. Àwọn èèyàn máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nídìí rẹ̀. Òṣómàáló kò gbára lé ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni. Ọjà wà léjìká rẹ̀, ìpolówó wà lẹ́nu rẹ̀, orúkọ oníbàárà wà lọ́kàn rẹ̀. Ó mọ ilé tí oníbàárà ń gbé, ó mọ ìgbà tí wọ́n ń ta kòkó tí owó á wà nílé. Nítorí náà, bó bá lọ lónìí, wọ́n mọ̀ pé yóò padà wá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: àwọn tó gbé ìtàn ìwúrí dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo tí a ṣì ń rántí wọn, òṣómàáló ni wọ́n. Wọn ò jókòó kí ẹlòmíràn bá wọn kéde. Wọ́n mọ ibi tí olùgbọ́ wọn wà, olùgbọ́ náà sì mọ ibi tí òun ti lè rí wọn.

Ìgbà tí ìkéde wà lọ́wọ́ ìjọ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọ̀kan lára ìtàn àròsọ onígbàgbọ́ tó kọ́kọ́ wọ èdè Yorùbá ni ìwé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nì, John Bunyan, tó jáde nílùú wọn ní 1678. David Hinderer, míṣọ́nnárì ìjọ CMS tó ń gbé ní Ìbàdàn, ló túmọ̀ rẹ̀. Ọdún 1866 ló jáde, ó sì ń jẹ́ *Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́*. Ọkùnrin kan di ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó kúrò nílé, ó la ẹrẹ̀ àti òkè kọjá títí ó fi dé ìlú ògo. Ẹni tó bá mọ ìtàn ọdẹ tó wọ inú igbó tó rí ìpọ́njú tó sì padà wálé, kò ní í ṣòro fún un láti gbọ́ ìtàn yìí yé.

Ní ọdún 1938, *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀* tí D. O. Fágúnwà kọ jáde láti ọwọ́ ilé ìtàwé ìjọ CMS. Ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé ló ka ìwé Fágúnwà, tí wọ́n sì há ibòmíràn sórí nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, ìwàásù wà nínú rẹ̀, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Nínú ọ̀ràn ìwé méjèèjì yìí, ìjọ ló ni ilé ìtàwé, ìjọ àti ìjọba ló ni iléèwé. Bí ìwé tuntun bá dé, olùkọ́ ló máa sọ fún ọmọ iléèwé, àlùfáà ló máa sọ fún ìjọ. Òǹkọ̀wé kò nílò láti pariwo. Ó dára fún ẹni tí wọ́n bá gba ìwé rẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá gba tirẹ̀ ńkọ́?

Ẹni tó ni ìwé ìròyìn ara rẹ̀

Ní Èkó, ọkùnrin kan fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà. Isaac B. Thomas ló ni ìwé ìròyìn *Akéde Èkó*, òun náà ló sì ń ṣe olóòtú rẹ̀. Láti 1929 wọ 1930, lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn yìí. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá ló ń kọ ọ́, ó ti darúgbó, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó sì ń jẹ́wọ́ gbogbo ayé ìjẹkújẹ tó ti jẹ. Ó ń kìlọ̀ fún ọmọdébìnrin, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń fa ọ̀rọ̀ Bíbélì àti orin ìjọ yọ. Àwọn òǹkàwé ń retí lẹ́tà tuntun, wọ́n ń kọ èsì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé èèyàn gidi ni. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan níbì kankan. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ìgbà tí lẹ́tà parí ní 1930, ó kó o jọ di ìwé lọ́dún yẹn kan náà. Àwọn onímọ̀ tó ń tọpa ìtàn àròsọ Yorùbá sábà máa ń kà á mọ́ àwọn ìwé àkọ́kọ́ irú rẹ̀.

Ohun tí Thomas ní tí ẹlòmíràn ò ní ni ibi ìkéde. Òun ló kọ ìtàn, òun ló ni bébà tó gbé e, òun náà ló mọ ìlú tí bébà náà ń dé. Kò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá òun sọ ọ́.

Agogo kan ní Iléṣà

Lẹ́tà Sẹ̀gilọlá parí ní oṣù kẹta ọdún 1930. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ lẹ́yìn náà tí ohun ńlá kan fi ṣẹlẹ̀ ní Iléṣà.

Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá, ni awakọ̀ katakata tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1928, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ní Ìkèjì-Arákèjì, tí katakata náà dákú tí kò dìde mọ́. Ó ní ibẹ̀ lòun ti gbọ́ ohùn tó pe òun. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà. Ẹ̀yìn èyí ni ìjọ tí a wá mọ̀ sí Christ Apostolic Church ti gbèrú. Ọwọ́ agogo ni wọ́n mọ̀ mọ́ Babalọlá: ó ń lu agogo, ó ń kéde, àwọn èèyàn ń jáde.

Ẹ ó bi mí pé, kí ló kan ìtàn àròsọ níbẹ̀? Ìwàásù kọ́ ni ìtàn àròsọ, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ ronú sí ohun tí wọ́n ń pè ní jíjẹ́rìí. Ẹnì kan á dìde láàárín ìjọ. Á sọ bí ayé rẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀, á sọ ìṣòro tó dé bá a, á sọ ibi tí gbogbo nǹkan ti yí padà, á wá sọ bó ṣe rí lónìí. Ìjọ á dáhùn, orin á tẹ̀ lé e. Bí ìtàn ìwúrí ṣe rí náà nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti 1930, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Òṣogbo ló ti mọ irú ìtàn yìí, tí wọ́n mọ ibi tó yẹ kí wọ́n sunkún àti ibi tó yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn olùgbọ́ ti wà nílẹ̀. Ó ku ẹni tí yóò gbé eré wá fún wọn.

Òṣogbo: ọkọ̀, ìlù àti ilé ara ẹni

Inú ìjọ náà ni eré Yorùbá ti ìgbà yẹn ti jáde. Ní 1944, Hubert Ògúndé gbé eré kan jáde ní Èkó nípa ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run. Ìjọ ló ní kó ṣe é. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi tẹ̀ lé e, mẹ́ta nínú àwọn tó lókìkí jù lọ lẹ́yìn rẹ̀ sì fi Òṣogbo ṣe ibùdó: Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Oyin Adéjọbí àti Dúró Ládipọ̀.

Ògúnmọ́lá, tí wọ́n bí ní 1925 ní Òkèmẹ̀sí, ti ṣe olùkọ́ rí. Eré rẹ̀ *Ìfẹ́ Owó* sọ nípa ọkùnrin kan tí ara tù, tó lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn lé ìyálé rẹ̀ lórí, tí gbogbo rẹ̀ sì fọ́ mọ́ ọn lójú. Kò sí iwin níbẹ̀, kò sí ọba. Ilé tí gbogbo wa mọ̀ ni.

Ti Adéjọbí tún wọni lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa, síbẹ̀ kò sí ìlú tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ò dé. Ó fi ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ṣe eré *Orogún Adédigba*. Ẹni tó jókòó wò ó mọ̀ pé kì í ṣe ìtàn tí wọ́n sọ fún un ni ọkùnrin yìí ń ṣe. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ẹgbẹ́ náà rìnrìn àjò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tó tún bá wọn ṣeré, kọ ìwé ńlá kan nípa wọn tó jáde ní 2000. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé eré wọn kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó há a sórí. Orí ìtàgé ni ọ̀rọ̀ ti ń dàgbà, àwọn òǹwòran náà sì ń retí ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa mú lọ sílé.

Báwo ni ìlú ṣe ń mọ̀ pé eré tuntun ti dé? Ẹni tó bá dàgbà nígbà yẹn mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan á ṣáájú lọ sí ìlú náà láti gba gbọ̀ngàn, á lẹ pósítà mọ́ ara ògiri àti ara igi. Lọ́jọ́ eré, ọkọ̀ ẹgbẹ́ á máa yí ìlú ká, ìlù á máa dún, ẹnì kan á máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe àwọn èèyàn. Àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé ọkọ̀. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tí kò mọ̀. Bí òjò bá rọ̀, tí èèyàn ò wá, àdánù ẹgbẹ́ nìyẹn. Kò sí ìjọba tí yóò san án padà. Òṣómàáló pọ́ńbélé ni.

Ìtàn Ládipọ̀ ló sì kọ́ mi ní ohun tó pọ̀ jù. Ọmọ katikísì ìjọ Áńgílíkà ni. Ní 1961, ó ṣe eré olórin ti Ọdún Àjíǹde fún ìjọ All Saints ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù dùndún wọ inú rẹ̀. Inú àwọn kan nínú ìjọ kò dùn sí i. Wọ́n ní ìlù òrìṣà kò yẹ nílé Ọlọ́run. Ẹlòmíràn ì bá ti dákẹ́. Àbí ta ló fẹ́ bá ìjọ bàbá rẹ̀ jà? Ládipọ̀ kò jà, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1962, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Ulli Beier, ó sọ ilé ọtí tirẹ̀ di ibi eré àti àwòrán. Orúkọ rẹ̀ ni Mbari Mbayo. Ìgbò ló ni Mbari, àwọn ará Òṣogbo ló yí i padà sí Yorùbá: bí mo bá rí i, màá yọ̀. Ibẹ̀ ni *Ọba Kò So* ti jáde ní 1963, ó sì dé Berlin ní 1964. Kò sì pa ìtàn ìgbàgbọ́ tì pátápátá. *Ẹ̀dá*, tó gbé jáde ní 1965, wá láti inú Everyman, eré onígbàgbọ́ àtijọ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù, nípa ọlọ́rọ̀ kan tí ikú wá pè lójijì.

Mbari Mbayo tún ṣe ohun kan tí a kì í sọ tó. Ní 1965, wọ́n tẹ *Ìfẹ́ Owó* Ògúnmọ́lá jáde ní ìwé, ní Òṣogbo níbí. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní 1973, Ògúnmọ́lá kú, kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Òǹwòran tó rí i lórí ìtàgé ń dín kù lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìwé náà ní orúkọ, ó ní ọdún, ó ní ìlú. Ẹni tó bá wá a á rí i.

Ìgbà tí ìkéde bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn

Ohun tó tẹ̀ lé e ní dídùn, ó sì ní kíkan. Láti àwọn ọdún 1960, *Atọ́ka* ń jáde láti Èkó. Eré àwọn alárìnjò tí wọ́n yà ní fọ́tò ni, tí ọ̀rọ̀ òṣèré wà lára àwòrán. Ó gbé wọn dé ilé àwọn tí kò rí wọn rí. Tẹlifíṣọ̀n náà dé. *Kóòtù Aṣípa* Adéjọbí di ohun tí ilé gbogbo ń jókòó wò.

Ó dára púpọ̀, n kò purọ́. Àmọ́ nígbà tí ìlú ti lè jókòó sínú pálọ̀ wo Adéjọbí, ta ni yóò tún wọ gbọ̀ngàn? Epo bẹntiróòlù wọ́n, ọ̀nà ò dára, ẹ̀rù ọlọ́ṣà ń ba àwọn èèyàn láti jáde lálẹ́. Ẹgbẹ́ alárìnjò kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n sì lè sọ lọ́la pé òun ò ṣe mọ́. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ibo lo ti fẹ́ rí àwọn òǹwòran rẹ? Òṣómàáló tó ti fi ìwé gbèsè rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kò mọ ilé oníbàárà mọ́.

Ọmọ Iléṣà kan àti àdírẹ́sì rẹ̀

Láàárín àkókò yìí ni ọmọ Iléṣà kan bọ́ síta. Mike Bamiloye, tí wọ́n bí ní Iléṣà ní 1960, kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Lọ́jọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1985, ó dá Mount Zion Faith Ministries sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Eré wọn àkọ́kọ́, *Hell in Conference*, wáyé ní 1986, ní ìpàdé àwọn olùkọ́ Onígbàgbọ́ ní Iléṣà. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà sí ìlú tí agogo Babalọlá ti dún ní 1930.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n wọ inú fídíò. *Agbára Ńlá* ló sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wò ó nígbà yẹn kò lè dá lọ tọ̀ lóru, àwọn tó ti dàgbà lónìí ṣì ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Àmọ́ ọgbọ́n títà wọn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Wọn ò dúró kí sinimá gbà wọ́n. Inú ìjọ ni wọ́n ń gbé fíìmù lọ, inú iléèwé, inú àgọ́ ọ̀dọ́. Kásẹ́ẹ̀tì wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Ìkéde fíìmù tuntun ń jáde lẹ́nu akọ̀wé ìjọ, láàárín ìkéde ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú. Ẹni tó wo fíìmù wọn láyé ìgbà yẹn á rántí pé òpin fíìmù kì í ṣe òpin. Ìpè sí àdúrà máa ń wà, àdírẹ́sì tí èèyàn lè kọ̀wé sí náà sì wà níbẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá dé ọkàn rẹ̀ mọ ibi tó lè wá wọn sí.

Ní 2020, wọ́n gbé *The Train* jáde, fíìmù nípa bí Bamiloye ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ náà báyìí, YouTube ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Gbohùngbohùn orí ọkọ̀ ti di fóònù, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni: mọ olùgbọ́ rẹ, jẹ́ kó mọ̀ ọ́.

N kò ní kí gbogbo wa fẹ́ràn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sọ pé ìwàásù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, pé ohun ìbílẹ̀ wa ni wọ́n máa ń sọ di iṣẹ́ èṣù ṣáá. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Tí mo bá rántí Ládipọ̀ àti ìlù dùndún rẹ̀, ó máa ń dùn mí pé àríyànjiyàn 1961 yẹn kò tíì parí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ pé ìtàn dára tàbí kò dára yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ pé a lè rí i. Ìtàn tí a kò rí, a ò tilẹ̀ lè bá a jà.

Ẹ̀yin tó ń kọ ọ́ lónìí

Mo mọ òǹkọ̀wé ìtàn ìwúrí bíi mélòó kan láàárín Òṣogbo àti Iléṣà. Olùkọ́ wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, ìyàwó àlùfáà wà níbẹ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ o. Wọ́n á kọ ìwé lóru, wọ́n á fi owó àjọ tẹ ìgba ẹ̀dà, wọ́n á polówó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, àwòrán orí WhatsApp á kúrò láàárín wákàtí 24. Bí fóònù bá sọnù, nọ́ńbà gbogbo òǹkàwé lọ nìyẹn. Bí Facebook bá ti ojúewé wọn pa, kò sí ẹni tí wọ́n máa bá rojọ́. Ọ̀rọ̀ Adéjọbí àti tẹlifíṣọ̀n náà ló padà wá: ibi ìkéde kì í ṣe tiwọn.

Nítorí náà, ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi, mo fẹ́ sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń sọ fún àbúrò. Ẹ kọ orúkọ yín sínú ìwé, kì í ṣe sẹ́yìn rẹ̀ nìkan, torí ẹ̀yìn ìwé ló ń kọ́kọ́ ya. Ẹ kọ ọdún. Ẹ kọ ìlú. Ẹ kọ ọ̀nà tí èèyàn lè gbà rí yín lọ́dún mẹ́wàá òní. Ẹ ní ìwé kan nílé tí ẹ ń kọ orúkọ àti ìlú ẹni tó ra ìwé sí, bí òṣómàáló ṣe ń ṣe. Ẹ gba nọ́ńbà ISBN lọ́dọ̀ Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè, kí ẹ sì fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́ sí wọn. Òfin ọdún 1970 ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ni kì í sì í ṣe é. Bí ẹ bá sọ pé apá kejì ń bọ̀, ẹ sọ ibi tí a máa bá a.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà lásán. Ẹni tó ń ka ìtàn ìwúrí kì í sábà kà á torí fàájì nìkan. Ó lè jẹ́ pé ilé ìwòsàn ló wà, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Bí ẹ bá ti fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní apá kìíní, ẹ ti jẹ ẹ́ ní gbèsè. Lọ́tẹ̀ yìí, òǹkàwé ló lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá mi wà lára wọn. Mo ti bi àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Ìgbọ̀nà, mo ti bi àwọn ìtẹ̀wé àtijọ́ méjì ní Iléṣà. Ọ̀kan nínú wọn gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi ìka pa bébà rẹ̀, ó wo lẹ́tà rẹ̀, ó ní ó lè jẹ́ pé Iléṣà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìtàn opó kan tó fi kóńgò ẹ̀wà kan bẹ̀rẹ̀, tí ẹbí ọkọ kó ẹrù rẹ̀, tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ sì ń bọ̀ wálé láti ìdálẹ̀ nígbà tí apá kìíní parí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún ẹni tó kọ ọ́ pé a ṣì ń retí.